Ẹrù Ilé Ni, Ọ̀gá!

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ti dákẹ́ títí, ó ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àga mọ́ra, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó máa gbọ́ tẹnu mi tán tí kò ní kọ háà, kó ní, "Wọ́n mà kúkú fẹ́ pa ọkùnrin yìí o!"

Akọ̀wé kágò ni mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Iṣẹ́ mi ni pé kí n wo ẹrù tí èèyàn fẹ́ fi ránṣẹ́, kí n mọ èyí tó lè gbaná, èyí tó lè bú gbàù, èyí tó lè jẹ ara, èyí tó lè pani, kí n rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ìsọ̀rí tó tọ́ sí i kó tó wọ bàálù. Ó yẹ kí wọ́n máa torí iṣẹ́ yìí gbé mi gẹ̀gẹ̀! Ó yẹ kí oníbàárà máa kí mi kú ààbò ẹ̀mí! Rárá o. Ojú tí wọ́n fi ń wo agbowó-orí ni wọ́n fi ń wò mí. Wọ́n ti sọ mí ní Ọ̀gbẹ́ni Má-fọwọ́-kàn-án. Ọmọ kékeré tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu géètì wa gan-an ti mọ̀ ọ́n pè!

Ẹ gbọ́ ohun tójú mi ń rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń béèrè: "Kí ló wà nínú ẹrù yìí?" Ó jọ pé gbogbo ayé ti ṣèpàdé lórí èsì rẹ̀, tí wọ́n sì ti há a sórí kí wọ́n tó kúrò nílé: "Ẹrù ilé ni, ọ̀gá." Ẹrù ilé! Ta ló bi yín léèrè ẹrù oko? Àwọn tó kọ ìwé òfin tí àwọn iléeṣẹ́ bàálù ń lò fún ẹrù eléwu pàápàá ti mọ irú wọn. Wọ́n ti kọ "ẹrù ilé" sára àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kí akọ̀wé fura bó bá ti gbọ́ ọ, òun àti "ẹ̀yà ara mọ́tò", òun àti "àpótí irinṣẹ́". Ẹ wo àwọn tí kò ná ọjà Ìdúmọ̀tà rí, wọ́n ti mọ ohun tó wà lọ́kàn oníbàárà mi!

Ìyá àgbà kan wá, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní London, ó fẹ́ fi oúnjẹ ìkúnlẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo ní, "Ẹ kú oríire, Ìyá." Mo ṣí àpò. Gàrí ni mo kọ́kọ́ rí, inú mi dùn, mo ti ń ju ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, lábẹ́ gàrí ni lọ́fíndà wà, ìgò ràbàtà, ìsọ̀rí 3, ohun olómi tó ń gbaná, lábẹ́ lọ́fíndà ni agolo tí wọ́n ń fín sírun wà, ìsọ̀rí 2, gáàsì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ni láítà wà rẹpẹtẹ nínú ọ̀rá, gáàsì náà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ láítà ni páwà báńkì wà, ìsọ̀rí 9, nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ìgò omi tí kò ní àmì kankan lára, tí wọ́n fi ọ̀rá dí lẹ́nu tí wọ́n fi rọ́bà so, ọ̀tápíápíá ló wà níbẹ̀! Ìsọ̀rí 6! Májèlé! Ó sì ń rọra jò sára èlùbọ́ tí ìyá ìkókó fẹ́ rò jẹ!

Mo ní, "Ìyá, ọ̀tápíápíá ńkọ́?" Ìyá ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní aáyán wà ní London náà."

Ta ni wọ́n wá bínú sí? Ẹ sọ ọ́! Èmi ni! Ìyá ká gèlè kúrò lórí, ó ní ṣé mi ò níyàá ni. Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà yíjú sí mi bí ẹni rí olè. Ọkùnrin kan lẹ́yìn, tó ti jẹ wá lówó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ní irú àwọn èmi yìí gan-an ló ba Nàìjíríà jẹ́. Nígbà tí mo ní ọ̀rọ̀ iná ni mò ń sọ, inú òfuurufú ni wọ́n sì ń gbé e lọ, gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Kò ní ṣẹlẹ̀ lágbára Ọlọ́run!" Mo gba Ọlọ́run gbọ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ fọ́ọ̀mù ìjẹ́wọ́ ẹrù eléwu wà níwájú mi, èyí tí wọ́n fa ìlà pupa wínníwínní sí létí méjèèjì. Ó ní ká kọ nọ́ńbà ẹrù, ó ní ká kọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ìsọ̀rí rẹ̀, ipele ewu rẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó, kí olówó ẹrù sì fọwọ́ sí i. Mo ti yí i síwá sẹ́yìn, kò sí àyè àmín níbẹ̀!

Olówó ẹrù gan-an kì í fẹ́ fọwọ́ sí i. Òfin ní òun ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú ẹrù rẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ jẹ́wọ́. Àwọn oníbàárà mi á na kálámù sí mi, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ kàwé." Kí n bá a jẹ́wọ́! Ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀!

Ẹ tún dúró, kì í ṣe oníbàárà nìkan ló gbìmọ̀ pọ̀ sí mi. Àwọn tó kọ ìwé náà wà ńbẹ̀. Láti ọdún 1956 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbé ìwé aláwọ̀ ọsàn kan jáde, inú rẹ̀ sì ni ìsọ̀rí mẹ́sàn-án yìí ti ń jáde wá. Ohun abúgbàù ni 1. Gáàsì ni 2. Ohun olómi tó ń gbaná ni 3. Ìsọ̀rí 4 ni àwọn ohun líle tó ń gbaná, àwọn tó ń gbóná fúnra wọn, àti àwọn tó jẹ́ pé omi ló ń bí wọn nínú. Ìsọ̀rí 5 ni ohun tó ń ran iná lọ́wọ́, ìsọ̀rí 6 ni májèlé àti ohun tó ń kó àrùn ranni, 7 ni ohun tó ń tú ìtànṣán olóró, 8 ni ohun tó ń jẹ ara àti irin. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Ìsọ̀rí 9 ńkọ́? "Ohun eléwu mìíràn." Mìíràn! Àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, wọ́n ṣiṣẹ́ títí dé 8, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n da ìyókù sínú àpò kan, wọ́n gbé e fún èmi! Bátìrì líthíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, òkúta yìnyín gbígbẹ wà níbẹ̀, irin tó ń fa irin wà níbẹ̀. Èso lárà wà níbẹ̀! Nọ́ńbà rẹ̀ ni 2969. Lárà ẹ̀yìnkùlé bàbá mi! Mo délé, mo sọ fún àwọn ẹbí mi pé lárà ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé torí májèlé tó wà nínú èso rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ìwé ti yí mi lórí.

Kó tún lè dáa fún mi, àwọn nọ́ńbà ìsọ̀rí yìí kò tò bí ewu ṣe tóbi tó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni! Ẹni tó bá ní 1 ló burú jù, 9 ló rọ̀ jù, irọ́ ló pa. Ẹ wá ṣàlàyé ìyẹn fún ọ̀dọ́mọkùnrin Computer Village kan tó gbé páálí bátìrì fóònù wá. Mo ní ìsọ̀rí 9 ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyẹn ni pé òun ló kéré jù, ọ̀gá." Mo ní, ọmọ yìí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, bàálù akẹ́rù UPS kan gbéra ní Dubai pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú bátìrì yìí nínú, iná sọ níbi tí ẹrù wà, àwọn awakọ̀ rẹ̀ méjèèjì kú. Mo ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2016, bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó bá dá wà kò gbọ́dọ̀ bá kágò wọ bàálù tó ń gbé èrò, bàálù akẹ́rù nìkan ló lè gbé e, iná inú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ojú ọmọ náà tàn! Ó ní, "Háà, ọ̀gá, mo ti bá yín ṣáájì gbogbo ẹ̀ kún fọ́fọ́!" Ó ń retí kí n dúpẹ́!

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ewu ṣe tóbi tó, ipele mẹ́ta ló wà fún un, I, II àti III, I ló le jù. Páálí tó máa gbé e náà gbọ́dọ̀ yege ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdánwò! Wọ́n á rọ nǹkan kún un, wọ́n á jù ú sílẹ̀ láti òkè, mítà 1.8 fún ipele I, mítà 1.2 fún ipele II, mítà 0.8 fún ipele III, kò sì gbọ́dọ̀ jò. Èyí tó bá yege fún ipele tó le jù á gba lẹ́tà X, èyí tó tẹ̀ lé e á gba Y, ti ìkẹyìn á gba Z. Páálí tó ní ìwé ẹ̀rí! Àwọn oníbàárà mi ńkọ́? Báàgì Gáná tí síìpù rẹ̀ ti kú ni wọ́n ń kó ásíìdì bátìrì mọ́tò sí, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù dè é, wọ́n á ní, "Ó ti le dáadáa, ọ̀gá, ẹ tì í wò."

Ọ̀gá mi tún máa ń rán mi lọ sí ẹ̀ka wa ní Àpápá, níbi tí ẹrù ọkọ̀ ojú omi wà. Mo rò pé máa sinmi níbẹ̀. Ìsinmi dà? Èédú ni mo bá pàdé, àpò èédú láti Òkè-Ògùn, tí wọ́n fẹ́ kó lọ fún àwọn tó ń sun ẹran nílẹ̀ òkèèrè. Mo ní nọ́ńbà 1361 ni, ìsọ̀rí 4, ìpín 4.2, torí èédú tó bá kó jọ pelemọ sínú kọ̀ǹténà lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbaná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Oníèédú wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní ìyá òun ta èédú, ìyá ìyá òun ta èédú, kò sì sí èyí tó jóná nínú wọn. Mo ní àgbọn gbígbẹ náà wà nínú ìpín yẹn, 1363. Ó pe àwọn alábàárù jọ, ó ní kí wọ́n wá wo ẹni tó ní àgbọn lè gbaná fúnra rẹ̀. Wọ́n wá. Wọ́n wò mí. Ọ̀kan nínú wọn fi owó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ra oúnjẹ jẹ, bóyá ebi ni!

Wẹ́dà kan gbé kábáìdì dé nínú agolo mílíìkì. Nọ́ńbà 1402, ìpín 4.3, lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ búlúù, torí bí omi bá kàn án, gáàsì tí wọ́n fi ń jó irin ló máa tú jáde, gáàsì yẹn sì burú jáì lọ́dọ̀ iná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá lébẹ́ẹ̀lì ni mo gbọ́ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, kí n wọ́n omi díẹ̀ sí i kó má baà ṣeruku?" Igbe tí mo ké lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà nílé ní Ajégúnlẹ̀ á gbọ́ ọ! Síbẹ̀ wẹ́dà ní mo ti dáyà já ọmọ òun, kí n ra ohun tó máa fi mu omi tútù fún un.

Àwọn kan nínú yín á ní, "Akọ̀wé, o ti ń ṣàṣejù." Ó dáa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996, bàálù ValuJet 592 gbéra ní Miami. Wọ́n kó àwọn agolo tó ń pèsè ọ́síjìn sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé pé òfìfo ni wọ́n. Òfìfo kọ́. Iná sọ níbi tí ẹrù wà, bàálù já sínú irà Everglades láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn èèyàn 110 tó wà nínú rẹ̀ kò sì sí ẹyọ kan tó yè é. Ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé ni! Ní Beirut, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2,750 ammonium nitrate, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, ìsọ̀rí 5, tó ti wà ní èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún, bú gbàù, ó pa èèyàn tó lé ní 200. Kí ẹ má baà ní ọ̀rọ̀ òkèèrè ni, nílé wa níbí, ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, gbogbo ìlú mì tìtì. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Nínú ilé gbígbé! Ìsọ̀rí 1! Mo fi dá yín lójú pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó o wọlé, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ṣé mo rí ìsinmi bí mo bá ṣíwọ́? Danfo ni mò ń wọ̀ lọ sílé. Mo jókòó, ẹsẹ̀ mi gbá nǹkan, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù! Nọ́ńbà 1203, ìsọ̀rí 3, ipele II, ohun tó jẹ́ pé bí òtútù bá tilẹ̀ dé ìwọ̀n 40 sí ìsàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti máa dì gbagidi, afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ṣì lè gbaná, ká má tilẹ̀ tíì sọ oòrùn Ọ̀ṣódì! Ní Yúróòpù, táńkà tó bá gbé irú rẹ̀ ń gbé pátákó aláwọ̀ ọsàn kiri, 33 lókè, 1203 nísàlẹ̀, káwọn panápaná lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà láti òkèèrè. Tiwa, "Ọlọ́run Ló Ń Ṣọ́ Mi" ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo pariwo pé kẹ́ẹ̀gì wà lábẹ́ mi. Kọ́ńdọ́ mi orí, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ rí i, Bàbá, ẹ bá mi fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà yí."

Mo délé, ilé kò yàtọ̀. Kẹrosíìnì wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí ọmọ ń mu, sílíńdà gáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tó ń jó, lándílọ́ọ̀dù kó bẹntiróòlù sábẹ́ àtẹ̀gùn torí ó gbọ́ pé epo fẹ́ wọ́n, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń mí sí fèrèsé wa. Mo ya àtẹ kan sára ògiri ilé ìdáná, mo fi hàn kedere pé èyí kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ èyí. Ìyàwó mi wò ó dáadáa, ó ní ó dáa, ó wá fi kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ìyá-ìjọ bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, kí ló dé?" Ó ní àlejò ń bọ̀, òun kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ọkọ òun ń ya ara ògiri.

Èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá ni mo fẹ́ kẹ ẹ gbọ́, kẹ ẹ sì di ìjókòó yín mú. Gbogbo oṣù 24 ni irú wa gbọ́dọ̀ padà gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí, ká tún ṣe ìdánwò, ọdọọdún sì ni ìwé òfin tuntun ń jáde. Mò ń kàwé lọ́jọ́ ogbó, mò ń fín lọ́fíndà olólọ́fíndà símú, mò ń gbé ọ̀tápíápíá tó ń jò, kábáìdì ń fẹ́ bú mọ́ mi lójú. Mo wá fọkàn balẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa, mo kọ lẹ́tà, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ máa fún mi ní owó ewu tí wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ kan. Ọ̀gá tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ ẹ, ó ń fi ìgò lọ́fíndà ṣeré lórí tábìlì. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, a ti gbé ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò. Ọ̀nà méjì la pín òṣìṣẹ́ wa sí, àwọn tí iṣẹ́ wọn léwu àti àwọn tí iṣẹ́ wọn kò léwu. Ẹ̀yin ń jókòó sídìí tábìlì ni. Ẹ kò léwu."

Mi ò léwu! Èmi! Èmi tí mò ń pín ewu sí ìsọ̀rí fún gbogbo ayé, wọ́n pín èmi fúnra mi, wọ́n jù mí sápá aláìléwu, wọn ò ṣí mi wò, wọn ò tilẹ̀ béèrè ohun tó wà nínú mi! Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá náà pé mo máa fi hàn án. Lọ́jọ́ Ajé, mo máa lẹ lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ọsàn mọ́ àyà mi, èyí tí wọ́n ya ohun tó ń fọ́ yángá sí, mo sì máa wọlé tọ̀ ọ́ lọ láìkanlẹ̀kùn. Ìsọ̀rí 1 ni mí! Kì í sì í ṣe ìpín 1.4 tí wọ́n ń fi báńgà ọdún Kérésì sí o. Ìpín 1.1 ni, èyí tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń bú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!